Bí láàbù ìlera ìjọba kan ṣe dé ìwé ẹ̀rí ISO 15189: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀

Láàbù ìlera gbogbo gbòò ti ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àbójútó ojúlówó iṣẹ́ sì ni ojúṣe mi níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀, àwọn tí gbogbo wa mọ̀ sí DSNO, máa ń kó ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ìgbẹ́ wá nígbà tí wọ́n bá fura sí measles, yellow fever, ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí àrùn onígbáméjì. Èsì tí a bá kọ kì í ṣe ti aláìsàn kan péré. Bí a bá sọ pé measles wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tó ti abúlé kan wá, ìjọba lè torí rẹ̀ kó abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí agbègbè yẹn. Bí a bá sì ṣèèṣì sọ pé kò sí, àrùn náà yóò máa ràn kiri láìsí ẹni tó ń lé e. Mo kọ èyí fún àwọn láàbù ìjọba tó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí, kí wọ́n lè mọ ohun tí a rà, ohun tí a dán wò tí kò bọ́ sí i, àti ètò tí ó yẹ kí iṣẹ́ náà tẹ̀ lé. Èrò mi lórí ètò yẹn ni pé ohun tó ń ba èsì jẹ́ lórí tábìlì iṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe, kí ìwé kíkọ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ láàbù ló ń ṣe é sódì, àwa náà sì kọ́kọ́ ṣe é sódì.

Ìlànà tí a fẹ́ bá mu ni ISO 15189, èyí tí wọ́n dìídì kọ fún láàbù ìṣègùn. Ọdún 2003 ni ó kọ́kọ́ jáde, àtúnṣe tó wà lóde báyìí sì jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Kí láàbù má baà máa fi ojú lásán wo òkè, ẹ̀ka Áfíríkà ti Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ètò onípele kan kalẹ̀ ní Kigali, ní Rwanda, lọ́dún 2009. SLIPTA ni orúkọ rẹ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá a rìn sì ni SLMTA. Ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀: láàbù tí kò bá tó ìpín 55 nínú ọgọ́rùn-ún kò ní ìràwọ̀ kankan, ìpín 55 mú ìràwọ̀ kan wá, 65 mú méjì, 75 mú mẹ́ta, 85 mú mẹ́rin, 95 sì mú márùn-ún. Ìràwọ̀ kì í ṣe ìwé ẹ̀rí o. Àtẹ̀gùn ni, àjọ mìíràn tó ní àṣẹ ni yóò wá bẹ ilé wò kí ó tó fọwọ́ sí i pé láàbù náà bá ISO 15189 mu.

Ìpele 1: Wíwọn ara wa

Ohun èlò tí a lò kò ju ìwé àyẹ̀wò SLIPTA tí a tẹ̀ jáde, bíírò pupa kan àti ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ìwé kan lọ. Ìsọ̀rí 12 ló wà nínú ìwé náà, láti orí ìwé àti àkọsílẹ̀ dé orí ohun èlò, ìrajà, ètò ìṣàkóso àti ààbò. A fi òfin kan de ara wa: ohun tí a kò bá lè gbé ẹ̀rí rẹ̀ sórí tábìlì lójú ẹsẹ̀, òdo ni a óò fún un, ì báà jẹ́ pé gbogbo wa mọ̀ pé à ń ṣe é.

A kò dé ìpín 55. Àmọ́ òǹkà yẹn kọ́ ló dùn mí jù, bí kò ṣe ìwé kékeré tí a lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì tí a ń kó kíìtì ELISA (ohun èlò tí a fi ń wá àmì àrùn nínú ẹ̀jẹ̀) sí. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló yẹ kí a máa kọ ìwọ̀n òtútù sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù dé ọjọ́ ìkẹyìn, 4, 4, 4 ni ó kún inú àpótí gbogbo, títí kan àwọn ọjọ́ Àìkú tí a ti ilẹ̀kùn láàbù pa tí kò sí ẹni tó débẹ̀. Nígbà tí a ṣí fíríìjì, tẹmọmítà tó wà nínú rẹ̀ ti já ní àárín, omi pupa inú rẹ̀ ti pín sí ọ̀nà méjì, nítorí náà ẹni tó tilẹ̀ fẹ́ kà á dáadáa kò lè rí nǹkan kan kà.

Ìpele 2: Ìwé àyálò, ìgbìyànjú tí kò yọrí

Nítorí pé ìsọ̀rí ìwé àti àkọsílẹ̀ ni òǹkà wa ti kéré jù, ìwé ni a kọ́kọ́ gbájú mọ́. Láàbù kan tó ti gba ìwé ẹ̀rí ṣàánú wa, wọ́n fún wa ní àwọn ìwé ìlànà iṣẹ́ wọn. A pa orúkọ wọn rẹ́, a fi tiwa sí i, a tẹ̀ ẹ́ jáde, a dì í sínú fáìlì aláwọ̀ búlúù, a sì tò ó sórí pẹpẹ. Ó wu ojú rí.

Olùbẹ̀wò tó wá wò wá kò jìnnà sínú fáìlì kí àṣírí tó tú. Ó ka ojú ewé tó sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń fi ooru pa kòkòrò inú ìdọ̀tí, ó rìn lọ sí ìdí ọ́tókíléèfù wa, ó wo ojú rẹ̀, ó sì bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lò ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ìwọ̀n ooru wo ni ẹ ń lò? Ọmọ náà dáhùn pé 121°C, ìṣẹ́jú 15, òótọ́ sì ni ó sọ. Ìwé tiwa sọ pé 134°C. Ẹ̀rọ wa kò tilẹ̀ lè dé 134. Láti ibẹ̀ lọ, ojú tí olùbẹ̀wò náà fi ń wo gbogbo fáìlì yòókù yí padà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. A kó gbogbo ìwé náà kúrò lórí pẹpẹ lọ́jọ́ kejì, a padà sí ìdí iṣẹ́.

Ìpele 3: Fíríìjì

A ra tẹmọmítà oní-nọ́ńbà mẹ́rin tó ń rántí ibi tí òtútù ti lọ sókè jù àti ibi tó ti lọ sísàlẹ̀ jù. Nínú gbogbo ohun tí a rà ní iṣẹ́ yìí, ọ̀kan lára àwọn tí owó wọn kéré jù nìyẹn, òun ló sì là wá lójú jù. A fi ọ̀kan sí òkè, ọ̀kan sí àárín, ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn, a fi ẹ̀kẹrin sí ara ilẹ̀kùn. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣí ilẹ̀kùn ni nọ́ńbà ń fò sókè, a kò sì mọ èyí tí a óò gbàgbọ́. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé a rọ glycerol sínú ìgò kékeré, a ki ẹnu tẹmọmítà bọ inú rẹ̀. Báyìí, ohun tí à ń kà ni òtútù tó ń dé inú ìgò kíìtì, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde.

Kíìtì náà kò gbọ́dọ̀ kúrò láàárín 2°C sí 8°C. Ẹ̀yìn fíríìjì níbi tí yìnyín máa ń lẹ̀ sí ń lọ sísàlẹ̀ òdo lóru. Ara ilẹ̀kùn ń kọjá 10 lọ́sàn-án. Ẹ̀yìn yẹn gan-an ni a ń tò kíìtì sí, nítorí pé a gbà pé ibi tó tutù jù ló dára jù. Fíríìjì inú ilé lásán ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún oògùn.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ ni pé a dín agbára òtútù kù. Ẹ̀yìn kò dì mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí iná ìjọba lọ fún wákàtí díẹ̀, gbogbo inú fíríìjì kọjá 8. Àtúnṣe kejì ni pé a to ìgò omi kún ìsàlẹ̀ àti ilẹ̀kùn, kí òtútù lè pẹ́ nínú rẹ̀ bí iná bá lọ. Èyí ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Àtúnṣe kẹta ni ó dúró: fíríìjì tí wọ́n fi yìnyín ṣe inú ògiri rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí, pẹ̀lú ínfátà àti pánẹ́ẹ̀lì sólà tí a yà sọ́tọ̀ fún fíríìjì, fírísà àti ẹ̀rọ amúlétutù yàrá GeneXpert, ẹ̀rọ tí a fi ń wá ikọ́ ẹ̀gbẹ. Yàrá yẹn náà ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí pé 15°C sí 30°C ni ẹ̀rọ GeneXpert gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́, ọ̀sán ilẹ̀ wa sì máa ń ti í kọjá ibẹ̀ bí iná bá lọ.

Òun ni owó tó pọ̀ jù tí a ná. Ọ̀gá ẹ̀ka ìṣúná kò kọ́kọ́ gbà, ó ní jẹnẹrétọ̀ wà. Ohun tó yí i lọ́kàn padà kì í ṣe àlàyé ISO tí mo ṣe. Rẹ́jísítà kíìtì tí a ti sọ nù ni mo gbé sí iwájú rẹ̀, pẹ̀lú iye tí a ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi owó dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu ní oṣù kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ẹ mú ìwé ìbéèrè yín wá." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà ní irú ipò yìí, ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tó bàjẹ́ bí ẹ ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ rà.

Ìpele 4: Pìpẹ́ẹ̀tì

Pìpẹ́ẹ̀tì ni ohun èlò ọwọ́ tí a fi ń fa omi ní ìwọ̀n tó péye. Nínú iṣẹ́ ELISA, 100 µl (µl kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílílítà) ni a ń fi sínú ihò kọ̀ọ̀kan ní ìpele kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí pìpẹ́ẹ̀tì bá ń gbé kéré jáde, kò sí bí ojú ṣe lè rí i, ẹ̀rọ kò sì ní ké. A kò tíì wọn pìpẹ́ẹ̀tì wa rí láti ọjọ́ tí a ti rà wọ́n.

Ọ̀nà tí a fi ń wọn ọ́n kò le ní sísọ: ẹ fa omi tí a ti sẹ́ sínú rẹ̀, ẹ tú u sínú ife kékeré lórí òṣùwọ̀n, ẹ ka giramu tó wọn, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá. Òṣùwọ̀n tiwa ni a kọ́kọ́ fi gbìyànjú. Ó ń ka 0.01 giramu, 100 µl omi kò sì ju bíi 0.1 giramu lọ, ìyẹn ni pé ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo lójú òṣùwọ̀n náà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí à ń wọn. Gbogbo pìpẹ́ẹ̀tì ló "yege" lórí rẹ̀. Èmi kò gbà á gbọ́, nítorí náà a lọ bẹ ẹ̀ka kẹ́mísìrì yunifásítì kan tó wà nítòsí, wọ́n sì yọ̀ǹda òṣùwọ̀n wọn tó ń ka 0.00001 giramu.

A gbé pìpẹ́ẹ̀tì, tíìpù àti omi lọ síbẹ̀ lálẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lè bá yàrá mu ní ooru kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà kò dúró. Ó ń lọ ó ń bọ̀. Fáànù òkè àjà ni. A pa á, a sì farada ooru. A máa ń fa omi kí a sì tú u dànù lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí inú tíìpù lè rin kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, a sì ń yára nítorí pé omi inú ife ń gbẹ lọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn. A yí i sí 100 µl. Ìpíndọ́gba ohun tó gbé jáde wọn 0.0942 giramu. Ní 25°C, 1.0040 ni a fi ń sọ mílígíráàmù di µl, nítorí náà 94.2 di 94.6 µl. Ìlànà ISO 8655 kò gba kí pìpẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu kan tó jẹ́ 100 µl fi ju 0.8 µl yà sókè tàbí sísàlẹ̀. Èyí fi ju 5 lọ yà. Ìyẹn ni pìpẹ́ẹ̀tì tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò measles fún gbogbo ìpínlẹ̀.

A tú u. Rọ́bà roboto tó ń dì í kí afẹ́fẹ́ má baà jáde ti sán, èròjà tó gbẹ sì ti lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀ níbi tí tíìpù ń wọ̀, tó fi jẹ́ pé tíìpù kò wọlé dé ìdí. A fọ ẹnu rẹ̀, a pààrọ̀ rọ́bà, a fi gíríìsì silicone tín-ín-rín pa á, a tún un wọn: 0.0993 giramu, ìyẹn 99.7 µl. Ó yege. Àwọn mìíràn náà padà bọ̀ sípò lọ́nà yìí, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí irin inú rẹ̀ ti ha, kò sì sí ohun tí rọ́bà lè ṣe sí i. A kọ MÁ LÒ Ó sí i lára, a kó o kúrò nínú yàrá pátápátá, nítorí pé ohun tó bá ti wà nítòsí, ọwọ́ yóò tó o lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀. Iye tí a ná lórí rọ́bà àti gíríìsì kò sún mọ́ owó kíìtì ELISA kan ṣoṣo.

Láti ìgbà náà, pìpẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ìwé tirẹ̀, àti ọjọ́ tí a óò tún un wọn tí a kọ sí i lára.

Ìpele 5: Kọ́ńtíróòlù tí a ń wò tí a kò rí

Gbogbo kíìtì ELISA ló ń wá pẹ̀lú kọ́ńtíróòlù, ìyẹn sáńpù tí a ti mọ èsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìwé inú rẹ̀ sì máa ń sọ ààlà tí nọ́ńbà kọ́ńtíróòlù kò gbọ́dọ̀ kọjá. À ń wò ó lójoojúmọ́, ó ń yege, a sì ń tẹ̀síwájú. Ohun tí a kò ṣe ni pé kí a to nọ́ńbà àná àti ti òní sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Àtẹ tí Levey àti Jennings mú wọ iṣẹ́ láàbù ní 1950 ni a lò. A ṣí rẹ́jísítà àtijọ́, a mú nọ́ńbà kọ́ńtíróòlù láti inú àyẹ̀wò 20, a ṣírò ìpíndọ́gba wọn àti bí wọ́n ṣe ń yà sí i, a fi rúlà fa ìlà ìpíndọ́gba sórí ìwé gíráàfù, a sì fa ìlà kìíní, kejì àti ìkẹta sókè àti sísàlẹ̀ rẹ̀, ní ìlọ́po kan, méjì àti mẹ́ta ìwọ̀n ìyàtọ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà a fi àmì sí àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀ lé e. Ìwé gíráàfù ni mo fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí i kí ó tó tú èsì jáde.

Àmì yẹn ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó jáde kúrò nínú ààlà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe kíìtì fi sí i, ṣùgbọ́n mẹ́wàá léra wọn ló wà ní ìsàlẹ̀ ìlà ìpíndọ́gba, èyí tí òfin tí Westgard gbé jáde ní 1981 kà sí àmì pé nǹkan ti yẹ̀ ní ìdí iṣẹ́. A wo ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sí ọjọ́ tí a ṣí páálí kíìtì tuntun. Páálí náà ti sùn sí gáréèjì ọkọ̀ kan ní òpin ọ̀sẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì sí ẹni tó wo òtútù inú rẹ̀ nígbà tí a gbà á. Báyìí, ẹni tó bá gba ẹrù ń fi tẹmọmítà wò ó kí ó tó buwọ́ lùwé, a sì ń fi kíìtì tuntun àti ti àtijọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan náà pọ̀ kí ti àtijọ́ tó tán.

Ìpele 6: Ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ọjọ́

Ìwé tó ń bá ẹ̀jẹ̀ wá máa ń wá láìpé, èyí tó sì ń sọnù jù nínú rẹ̀ ni ọjọ́ tí ara ọmọ sú àti ọjọ́ tí a gba ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ọ̀ràn ìwé lásán. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbà láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ara sú lè má tíì fi àmì measles hàn nínú àyẹ̀wò IgM (èyí tó ń wá èròjà tí ara kọ́kọ́ ń pèsè láti bá àrùn jà), nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lẹ́yìn ọjọ́ 28 ti pẹ́ jù. Bí a kò bá mọ ọjọ́, a kò mọ ohun tí "kò sí" túmọ̀ sí lórí èsì náà.

A kọ́kọ́ fi ìwé líle ránṣẹ́ sí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ pé a óò máa dá irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ padà. Kò tún nǹkan kan ṣe, ó kàn mú kí àwọn DSNO bínú, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ń fi owó àpò ara wọn wọ ọ̀kadà lọ gba ẹ̀jẹ̀ náà ní abúlé. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni fóònù. A yan obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ tù ú níbi tí a ti ń gba sáńpù, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí ó pe DSNO tó fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹni tó gbé e wá tó kúrò ní ọgbà: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé, ó dára, kò bàjẹ́. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ sú ni kò sí nínú fọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó." Ó ń kọ ohun tí wọ́n sọ, àkókò tó pè àti orúkọ ẹni tó dá a lóhùn. Ní ìparí oṣù, a ń fi àkópọ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọpẹ́ fún àwọn tí fọ́ọ̀mù wọn pé. Fọ́ọ̀mù tí kò pé dín kù débi tí a kò retí.

Ìpele 7: Ìwé, nígbà tí àkókò rẹ̀ tó

Ìgbà yìí ni a tó padà sí ìwé ìlànà iṣẹ́. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ló kọ ọ́, bí ó ṣe ń ṣe é gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹlòmíràn láti ìdí tábìlì mìíràn mú ìwé náà, ó tẹ̀ lé e lọ́rọ̀ kan dé òmíràn láìbéèrè nǹkan kan. Ibi tí ó bá ti dúró tí kò mọ ohun tó kàn, ibẹ̀ ni a ti ń tún un kọ. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ọjọ́ àti ìbuwọ́lù, ẹ̀dà àtijọ́ ni a sì ń kó kúrò lórí tábìlì lọ́jọ́ tí tuntun bá dé, nítorí pé ẹ̀dà méjì lórí tábìlì kan burú ju àìsí ìwé lọ.

Ohun mìíràn tí a ṣe ní àkókò yìí kò gba àlàyé púpọ̀. A mú ẹnjiníà wá yẹ kábínẹ́ẹ̀tì ààbò tí a ti ń ṣí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò, èyí tó gbọ́dọ̀ máa wáyé lọ́dọọdún, a sì fi owó rẹ̀ sínú ìṣúná ọdún kí a má baà máa tọrọ rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgò èso kòkòrò *Geobacillus stearothermophilus* dán ọ́tókíléèfù wò, kí a lè mọ̀ pé ooru rẹ̀ ń pa nǹkan ní tòótọ́. Àtúnṣe ọdún 2022 sí ISO 15189 sì fẹ́ kí láàbù máa ronú ṣáájú nípa ewu tó lè kan aláìsàn, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń wí pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Nítorí náà gbogbo ìdí iṣẹ́ ló ní ojú ewé kan tí a kọ ohun tó lè ṣàṣìṣe níbẹ̀ sí.

Ìpele 8: Àdánwò láti òde

Láàbù tó fẹ́ ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ máa gba sáńpù tí kò mọ èsì rẹ̀ láti òde, kí ó ṣe é bí ó ṣe ń ṣe ti aláìsàn, kí ó sì dá èsì padà. Nígbà kan a kùnà. A tún sáńpù náà ṣe, èsì wa jáde bí ó ṣe yẹ. A fi ìbéèrè "kí ló fà á?" tẹ̀ lé ìbéèrè "kí ló fà á?" títí a fi kan gbòǹgbò: ẹ̀rọ kò ṣẹ̀, èròjà kò ṣẹ̀, ẹni tó ń kọ èsì sínú fọ́ọ̀mù ló fi ti sáńpù kẹta sórí ìlà ìkẹrin, tó sì fi ti ìkẹrin sórí ìlà ìkẹta. Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú rẹ̀ ni pé bákan náà ni a ń ṣàdàkọ èsì aláìsàn. Láti ọjọ́ náà, ẹni méjì ló ń wà nídìí rẹ̀: ọ̀kan ń ka nọ́ńbà àti èsì sókè láti inú ẹ̀rọ, èkejì ń fi ìka tọ́ ọ lórí fọ́ọ̀mù, àwọn méjèèjì sì ń buwọ́ lù ú. Ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn díẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn kan sì ráhùn. Mi ò gbà kí wọ́n yọ ọ́.

Ìpele 9: Ìbẹ̀wò àti ohun tí ìwé ẹ̀rí bò

A ń bẹ ara wa wò kí ẹlòmíràn tó wá: ẹni tó wà nídìí GeneXpert ń yẹ ìdí ELISA wò, ti ELISA ń yẹ ibi gbígba sáńpù wò, kò sí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ wò. Ìràwọ̀ wa ń gòkè láti ìbẹ̀wò kan dé òmíràn, kí a tó wá kọ̀wé sí àjọ tó ń fọwọ́ sí láàbù.

Àwọn olùbẹ̀wò wọn kì í ka fáìlì nìkan. Wọ́n mú èsì aláìsàn kan tí a ti fi ránṣẹ́, wọ́n ní kí a tọ ipa rẹ̀ padà: ta ló gbà á, fíríìjì wo ló sùn sí, báwo ni òtútù ṣe rí ní ọjọ́ yẹn, kíìtì wo, pìpẹ́ẹ̀tì wo, ìgbà wo ni a wọn pìpẹ́ẹ̀tì náà gbẹ̀yìn, àmì kọ́ńtíróòlù ọjọ́ náà ńkọ́, ta ló ka èsì, ta ló tọ́ ọ. A rí gbogbo rẹ̀. Wọ́n ṣì rí kùdìẹ̀-kudiẹ: ìgò èròjà kan tí a kò kọ ọjọ́ tí a ṣí i sí, àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ tuntun kan tí a kò tíì fi ẹ̀rí hàn pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, àti ìpàdé àwọn aláṣẹ tí a ṣe tí kò sí ìpinnu tó ní orúkọ ẹni tí yóò mú un ṣẹ. Wọ́n fún wa ní gbèdéke, a fi ẹ̀rí àtúnṣe ránṣẹ́ kí ó tó pé, ìwé ẹ̀rí sì tẹ̀ wá lọ́wọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ìwé ẹ̀rí náà kò bo gbogbo ohun tí láàbù ń ṣe. Àkójọ àyẹ̀wò kan ń bá a wá, àyẹ̀wò tí orúkọ rẹ̀ bá sì wà níbẹ̀ nìkan ni a lè fi àmì àjọ náà sí lórí èsì. Ti measles IgM àti ti ikọ́ ẹ̀gbẹ lórí GeneXpert wà nínú tiwa. Ti àrùn onígbáméjì kò sí níbẹ̀, nítorí pé àwa fúnra wa ni a ń se oúnjẹ TCBS tí a fi ń hu kòkòrò náà, a kò sì tíì lè fi hàn pé gbogbo ìsebẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ kí a tó lò ó. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa báyìí nìyẹn: a ti gba kòkòrò tí a mọ irú ẹ̀yà rẹ̀ dájú, a pín in sí ìgò kéékèèké nínú fírísà -80°C, a sì ń fi ìgò kan dán ìsebẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò, *Vibrio cholerae* tí ó gbọ́dọ̀ hù ní àwọ̀ ìyeyè, *Vibrio parahaemolyticus* tí ó gbọ́dọ̀ hù ní àwọ̀ ewé, àti *Escherichia coli* tí oúnjẹ náà gbọ́dọ̀ dí lọ́wọ́. Ìsebẹ̀ tí kò bá yege, a ń dà á nù, a sì ń kọ ìdí rẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ yẹn bá ti pọ̀ tó, a óò fi ránṣẹ́ sí àjọ náà, kí wọ́n lè fi àyẹ̀wò onígbáméjì kún àkójọ wa nígbà tí wọ́n bá tún padà wá.